Ìsinmi Tí Sàídì Kúkù Fẹ́ Lọ Ṣe Létí Òkun

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Ìkàrẹ́ léèrè Sàídì Kúkù, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé, ṣé èyí tó fẹ́ lọ Mẹ́kà tí kò lọ. Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ. Àbúrò mi kò fìgbà kankan sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ Mẹ́kà. Èmi Raliat, ọmọ ìyá rẹ̀, ni mo mọ ibi tó fẹ́ lọ, torí èmi ni mo bá a gún ata tó fẹ́ gbé dání. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, kí ẹnu wọn lè sinmi.

Nígbà náà ni ìjọba òyìnbó ń la ọ̀nà tó ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà. Wọ́n ń fọ́ àpáta lójoojúmọ́, eruku ń wọ inú ọbẹ̀ wa. Òyìnbó tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ń gbé lẹ́yìn ìlú, Sàídì sì ni kúkù rẹ̀. Lọ́kọ́jà ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, nígbà tó bá àwọn aláàárù dé ọ̀hún. Kò sí aláwàdà bíi rẹ̀ ládùúgbò wa. Á máa sín òyìnbó rẹ̀ jẹ, bó ṣe ń fi ṣíbí kékeré lu ẹyin lórí kó tó jẹ ẹ́, a ó sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Ọ̀kà ló ti fẹ́ ìyàwó. Limota lorúkọ ọmọ náà, ìyá rẹ̀ ni Àsàmáù tó ń hun kíjìpá. Limota lóyún, oṣù ìbí pé, ọmọ kò wá. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ìyá kú, ọmọ kú. Sàídì kò sunkún. Àárọ̀ la sin ín. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà sí ilé ìdáná òyìnbó, ó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Òyìnbó kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Mo rò pé bó bá pẹ́ díẹ̀ ẹkún á dé, àmọ́ kò dé. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́. Bí a kò bá gbé e fún un, kò ní béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Limota, á kàn máa wo onítọ̀hún bí ẹni tí wọ́n bi ní ọ̀nà ìlú tí kò dé rí. Òun fúnra rẹ̀ kò pe orúkọ náà mọ́. Èmi náà sunkún títí ó fi sú mi, mo dákẹ́. Ilé wá pa rọ́rọ́.

Bó ṣe wà nìyẹn tí àkókò ìsinmi òyìnbó fi tó. Òyìnbó ní òun kò ní lọ tààrà sí ìlú òun. Ó ní erékùṣù kan wà láàárín òkun, tí ọkọ̀ máa ń dúró sí, ibẹ̀ kò tutù, kò sì gbóná. Òun ti gba ilé kan sílẹ̀ létí omi, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun, níbi tí kò sí ariwo, tí kò sí ẹjọ́, tí kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ń là. Òun fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀ kí òun máa gba atẹ́gùn, kí òun wẹ̀ nínú òkun, kí òun sùn nígbà tó bá wu òun. Ó wá ní kí Sàídì bá òun lọ, torí òun kò lè jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Bí òyìnbó bá jẹun tán, á tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, á fi ìka han Sàídì ibi tí erékùṣù náà wà, wọ́n á sì jọ máa gbèrò àga tí wọ́n máa gbé, àpótí tí ìkòkò máa wà nínú rẹ̀, irú ẹja tí wọ́n máa rí rà létí omi àti bí wọ́n ṣe máa dín in. Sàídì á wá jókòó tì mí, á máa rò ó fún mi. Ó ní yanrìn ibẹ̀ funfun. Ó ní aṣọ funfun làwọn èèyàn máa ń wọ̀ níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti débẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ kankan mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ láìgbé ohùn sókè, láìgbé e sílẹ̀. Mo bi í pé bó bá se oúnjẹ òyìnbó tán, kí ló máa ṣe.

Ó ní, "Màá jókòó sórí yanrìn."

Mo ní lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́.

Ó ní, "Kò sí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n."

Inú bí mi. Nílé wa, ta ló ń jókòó lásán? Nígbà tí ìyá wa ń ṣàìsàn tó pa á, ó ṣì ń ṣa ẹ̀wà. Àmọ́ mo wo ojú rẹ̀, mo rò ó pé kó lọ, bóyá atẹ́gùn òkun á jí i. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbèrò. Mo gún ata, mo sá èlùbọ́. Mo fẹ́ di irú sínú ewé fún un, ó ní òyìnbó á ju òun àti irú náà sínú òkun. Ní ọdún tó ṣáájú, ẹ̀rín ni ì bá fi sọ ọ́, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó kàn sọ ọ́ ni.

Yẹ̀kínì alápatà ló da ọ̀rọ̀ rú. Sàídì lọ ra ẹran òyìnbó lọ́wọ́ rẹ̀, Yẹ̀kínì bi í pé wọ́n ní ó ń rin ìrìn-àjò, níbo ló ń lọ. Bí Sàídì ṣe sọ ọ́ fún mi náà ló ṣe sọ ọ́ fún un: òun máa ré òkun kọjá, yanrìn ló wà níbẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, gbogbo ẹni tó bá débẹ̀ ti gbé iṣẹ́ ayé sílẹ̀ nìyẹn. Yẹ̀kínì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ibo ni Mùsùlùmí tún mọ̀ tó rí báyẹn? Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì lọ Mẹ́kà láti àdúgbò wa, ẹsẹ̀ ló fi rìn gba ilẹ̀ Haúsá lọ láyé bàbá wa, kò padà wá di òní. Wàyí o, Sàídì fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ. Kí oòrùn tó rọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọn kò gbé ẹrù kankan wá, orúkọ òkú wọn ni wọ́n ń gbé wá, kó lè bá wọn pè é nílé Ọlọ́run, kí wọ́n rí àánú gbà. Suleiman gbé orúkọ bàbá rẹ̀ wá. Ìyá arúgbó kan láti Ugbe gbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ wá, gbogbo wọn ti kú. Jimoh gbé orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, Sàláwù, tó ru ẹrù tẹ̀lé àwọn sójà lọ sí ogun Kamẹrúùnù tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Sàídì jókòó sórí ẹní, bí wọ́n bá ti dárúkọ, òun náà á pè é tẹ̀lé wọn kí wọ́n mọ̀ pé ó ti mú un, á sì mi orí. Kò kọ ọ́ sílẹ̀, kò mọ̀wé. Orí ló fi ń kó gbogbo ohun tí òyìnbó bá rán an lọ́jà.

Mo pè é wọ yàrá. Mo ní kó jáde lọ sọ òótọ́ fún wọn.

Ó ní, "Wọn kò bi mí bóyá Mẹ́kà ni."

Ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí n tó dá a dúró. Mo ní bó bá padà dé, tí wọ́n bá ń pè é ní Àlájì, ẹnu wo ló máa fi jẹ́? Mo ní ọ̀rọ̀ orúkọ òkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, bí wọ́n bá wá gbọ́ pé ó kó òkú ìlú lọ síbi tí òyìnbó ti ń wẹ̀, kò ní lè gbé Ìkàrẹ́ mọ́, àwa náà kò sì ní lè gbé e. Ó ní bákan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú òun. Mo rò ó pé kí n lọ bá Ààfáà Tìjání, ààfáà àdúgbò wa, fúnra mi. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, òpùrọ́ ni wọ́n máa pe àbúrò mi. Òun ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kó tó kúrò nílùú. Wọ́n sì ti fi àdúrà ìdágbére sí ọjọ́ Jímọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Wọ́n kírun tán, wọ́n rọ́ wá sójúde wa. Ààfáà Tìjání ṣe àdúrà, ó gùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àmín ni mo rí Àsàmáù, ìyá Limota, tó ń bọ̀. Ó ti fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀kà. Kò tíì tẹ ojúde wa láti ọjọ́ tí a sin ọmọ rẹ̀. Àwọn èèyàn yà fún un. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú Sàídì. Èdè Ọ̀kà ló fi sọ ohun tó sọ, èmi ń sọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé o ń lọ sílé Ọlọ́run. Mo gbé orúkọ kan wá. Limota ni."

Ó wá dúró kí Sàídì pè é tẹ̀lé òun, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Sàídì la ẹnu láti pè é. Ó pa ẹnu dé. Ó tún la ẹnu.

Ó ní, "Ìyá, kì í ṣe Mẹ́kà ni mo ń lọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, erékùṣù, yanrìn, ilé etí omi, àga tí òyìnbó máa nà lé. Ariwo sọ. Yẹ̀kínì ní ó tan òun jẹ. Mo dìde, mo ní òun ló tan ara rẹ̀ jẹ, kó jókòó. Àwọn kan ti ń gbọn aṣọ wọn pé àwọn ń lọ. Ààfáà Tìjání ló ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ó bi Sàídì pé àwọn orúkọ tí wọ́n fi rán an, ṣé wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sàídì ní wọ́n wà. Ààfáà ní àmánà ni, ohun tí a bá fi síkàáwọ́ ẹni, bí a kò bá lè jẹ́ ẹ dé ibi tí wọ́n rán wa, ọwọ́ olówó rẹ̀ là ń dá a padà sí, a kì í dà á sójú ọ̀nà. Ó ní kó dá wọn padà.

Ni wọ́n bá ń tò wá síwájú rẹ̀. Sàídì á dárúkọ, ẹni tó ni ín á ní, "Mo gbà á," á sì kúrò. Kò gbàgbé ẹyọ kan. Orúkọ àwọn tí a kò gbọ́ mọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún ń jáde lójúde wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ugbe gba àwọn ọmọ rẹ̀ padà, ó ń nu ojú. Nígbà tí Sàídì pe Sàláwù, Jimoh kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó sọ pé òun gbà á. Àwọn tó bínú dìde ti padà wá jókòó. Sàídì nìkan ni ojú rẹ̀ kò yí padà.

Ó wá ku Àsàmáù. Sàídì ní, "Ìyá, ẹ gba tiyín."

Ó ní, "Pè é kí n gbà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nínú mi. Nígbà tó yá ó pè é, ó ní, "Limota." Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn tó fi ń pe ti àwọn tó kù.

Àsàmáù ní, "N kò gbà á. Ìwọ ni mo gbé e wá fún. Ibo lo fẹ́ lọ jókòó sí tí kò ní bá ọ débẹ̀?"

Sàídì gbé orí lé itan ìyá náà, ó sì bú sẹ́kún. Ẹkún náà pọ̀, ó dẹ́rù bà mí. Ẹnikẹ́ni kò ní kó dákẹ́. Ààfáà ti tẹ̀sùbáà rẹ̀ bọ àpò, ó ń wo ilẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ bá òyìnbó pé òun kò lè bá a lọ mọ́. Òyìnbó ti di àpótí, inú bí i, ó ní kí ló dé. Sàídì ní ìyàwó òun kú. Òyìnbó ṣí fìlà, ó káàánú rẹ̀, ó bi í pé ìgbà wo ló kú.

Sàídì ní, "Lánàá ni."