Ọjọ́ tí Wọ́n Béèrè Ẹ̀rí lọ́wọ́ Bàbá Ẹ̀rí-Dà

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Ẹ̀rí-Dà ní àdúgbò náà títí dòní, ìtàn omidan orí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ, olúkúlùkù á sì sọ ọ́ bí ẹni pé ojú òun ló ṣe. Ká sòótọ́, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tí òun àti bàbá rẹ̀ ti jọ ń gé kọ́kọ́rọ́. Kì í bá wọn jiyàn. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Bó ṣe jẹ́ gan-an nìyí: ilé ìtajà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kí bàbá fi ẹ̀rí hàn pé òun ni òun, bàbá náà sì ní kí ilé ìtajà kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé òun ni ilé ìtajà.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ṣe háà. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ kọ́kọ́rọ́. Bí o bá sọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ nù tí o wá bá a, kò ní fọwọ́ kan àpò iṣẹ́ rẹ̀ àfi tí o bá sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Tí mo bá ṣí i, kí ni mo máa kọ́kọ́ rí? Ẹ̀rí dà?" Dókítà kan sọ fún un nígbà kan pé àga aláwọ̀ ewé ni. Bàbá ṣílẹ̀kùn, tábìlì ló rí. Ó ti ilẹ̀kùn náà padà gbàgà. Ìta ni dókítà jókòó sí títí ìyàwó rẹ̀ fi ti ibi iṣẹ́ dé, tó ní òun ti gbé àga yẹn wọ yàrá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ máa wo inú ilé yín dáadáa, Dókítà," ni bàbá wí.

Àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí yìí yí nọ́ńbà fóònù padà tó pè é, bàbá ní bó bá jẹ́ òun lóòótọ́, kó sọ ẹni tó fọ́ dígí ìyá rẹ̀ lọ́dún tó pé ọmọ ọdún méje. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ọmọ náà ti ń sẹ́ pé òun kọ́. Nígbà tí kò rí ọ̀nà àbáyọ, ó jẹ́wọ́. Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀: "Mo sọ fún ẹ. Òun náà ni."

Ọ̀rọ̀ ilé ìtajà yẹn kì í ṣe àwàdà rárá nígbà tó ṣẹlẹ̀. Etí ìyàwó rẹ̀ ti ń di. Bàbá fẹ́ràn ìtàn sísọ bí nǹkan míì, bó bá sì ti délé, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í di, bàbá ń pariwo kó lè gbọ́, àwọn ará ilé kejì sì ń gbọ́ ohun tí kò kàn wọ́n. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn. Ó máa ń dun ọmọ wọn dọ́kàn láti rí wọn bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń ki bọ etí kí èèyàn lè gbọ́ràn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù ní ilé ìtajà yẹn. Ọjọ́ kẹta tó sanwó ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: kó ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò fagi lé ọjà náà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́," ni ọmọ wí. "Tí wọ́n bá fagi lé e, ó di oṣù mẹ́fà kí òmíràn tó dé. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fún wa."

"Ta ló fún wa?"

"Ilé ìtajà."

"Ta ló sọ pé ilé ìtajà ni?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ṣé olè kò mọ̀wé kọ ni?"

Ó ní ẹni tó bá wá kanlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ní òun ni onílé, iwájú ilé ni kéèyàn gbà lọ wádìí rẹ̀. Kò tẹ ìlà aláwọ̀ búlúù tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kò sì pe nọ́ńbà inú rẹ̀. Ó mú ìwé tó kọ àdírẹ́sì ilé ìtajà sí lọ́jọ́ tó rajà, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó wọ inú àkáǹtì rẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Inú ọmọ dùn. Bàbá ní ó ṣì ku díẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé ilé ìtajà náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí nọ́ńbà, ó pè é.

"Ẹ káàsán o," ni omidan kan wí.

"Káàsán, ọmọ mi. Ẹ ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí tiyín dà? Kí ni mo rà lọ́wọ́ yín?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò lè sọ ohun tí ẹ rà títí màá fi mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Ojú bàbá tàn. Ó fọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé: "Àwọn gan-an nìyí. Olè ì bá ti sọ ọ́."

Omidan ní kó sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ketekete.

"Bàbá, kì í ṣe orúkọ tó wà lórí àkáǹtì yìí nìyẹn. Orúkọ tó wà lórí káàdì báǹkì ni ẹ dá yìí. Nítorí pé méjèèjì ò bára mu la ṣe ń béèrè."

Ọmọ wo bàbá rẹ̀, bàbá ń wo àgádágodo tó wà lórí tábìlì. Àṣé lọ́jọ́ tó ń ṣí àkáǹtì, orúkọ télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló kọ síbẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí olè bá máa wá, kó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ télọ̀.

Ó jẹ́wọ́. Omidan rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní kó fi fọ́tò náà sínú àkáǹtì fúnra rẹ̀. Bàbá ṣe fọtokópì káàdì, ó kọ ọ́ gbàràgàdà sórí rẹ̀ pé fún ọjà yìí nìkan ni, ó wá ya fọ́tò rẹ̀. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní bí omidan bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́, àyè wà fún un. Ó tún lọ bẹ télọ̀. Télọ̀ ní kó kọ ẹ̀bẹ̀ náà sínú ìwé.

Ẹ̀rọ náà dé lọ́jọ́ kẹrin. Ìyàwó ki í bọ etí, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe bó ṣe máa ń ṣe.

"Kí ló dé tí ẹ ń pariwo?" ni ìyàwó bi í. "Ẹ rọra sọ ọ́."

Ó jókòó tì í, ó rọra sọ ọ́, látorí omidan títí dórí télọ̀, obìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n tún fi jọ jókòó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá kú ní ilé ìwòsàn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Nọ́ọ̀sì tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, òun náà kò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló fara balẹ̀ sún mọ́ ọn. Bàbá ń sọ̀rọ̀, obìnrin náà ń mi orí, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ bi í pé kí ni bàbá ń sọ.

"Ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá yín ni," ni ìyá dáhùn. "Gbogbo ẹ̀ pátá ni mo gbọ́."