Ọtí Ọjọ́ Kẹta

Bàbá mi kì í ta ọtí. Télọ̀ ni, ṣòkòtò àti aṣọ ilé-ìwé ló máa ń rán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá wa ní Kotobabi, ní Àkrà. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, á rẹ àgbàdo sínú omi, á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná, á da àgbàdo náà lé e, á fi ewé mìíràn bò ó títí táá fi hù. Tó bá hù tán, á sá a, èmi á gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta. A óò sè é, a óò sẹ́ ẹ, a óò tún un sè, ó di inú ìkòkò. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ bàbá tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ó sì ń pọn ọ́n nítorí pé ó wù ú, bí àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù.

Onílé wa, ará Gà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ káfíńtà, ń pọn tirẹ̀ náà. Àgbàdo ni tirẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó ya ọtí àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró lọ. Bàbá mi fẹ́ràn ọtí ọjọ́ kìn-ín-ní, nígbà tó ṣì ń hó, tó dùn, tó ń ta sánsán bí àgbàdo sísun. Onílé ò lè fi èyí kan ẹnu. Ọjọ́ kẹta ni tirẹ̀, tó ti kan dáadáa, tó ń ta èèyàn lẹ́nu, kò sì fẹ́ kí wọ́n sẹ́ ẹ mọ́ jù. Ó fẹ́ rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ igbá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n á jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà láàárín àgbàlá, wọ́n á gba igbá lọ́wọ́ ara wọn.

"Aláta," ni onílé á wí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀, "omi ṣúgà lo gbé wá yìí. Gbé e padà fún ìyá rẹ, kó fi jẹ búrẹ́dì."

"Ataa," ni bàbá mi á fèsì, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin ní èdè Gà, "tiyín ńkọ́, tí ẹ fi ń fọ irin? Ẹ rọra o, eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu yín."

"Mẹ́rin ni. O ò ka ti ẹ̀yìn."

Awakọ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ onílé máa ń jókòó tì wọ́n. Bíà inú ìgò ni tirẹ̀. Ó ní ohun tí kò bá ní ìdérí kì í wọ òun lọ́fun.

Èmi ni mo máa ń tọ́ ọtí wò nínú ìkòkò fún bàbá mi. Ó ní ahọ́n mi dájú ju tòun lọ. N kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, kódà n kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́ mi, nítorí náà ìka ni mo fi ń dáhùn. Ìka kan, ó ku ọjọ́ kan. Ìka méjì, ó ku ọjọ́ méjì.

Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá gbé ọtí wá ló máa kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú àwọn yòókù, kí wọ́n lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bàbá mi àti onílé ti pa ìyẹn tì láàárín ara wọn kí n tó gbọ́njú. Èyí tí wọn kò pa tì ni pé ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ tọrọ kò ní la ẹnu títí ẹnì kejì yóò fi mu ọtí rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn náà ni rédíò sọ ọ́ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àkrà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí wọ́n gbé e dé ibẹ̀. Kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa. Màmá mi kó àwọn àbúrò mi mẹ́ta, ó bá lọ́rì kìn-ín-ní tó rí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá bàbá mi ló kù. Apá òsì ara rẹ̀ ti rọ láti bí ọdún kan, kò lè jókòó láìsí ẹni tó dì í mú. Ìrìn ọjọ́ mélòó kan lórí ẹrù nínú lọ́rì yóò pa á. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bàbá mi fẹ́ bẹ onílé pé kó jẹ́ kí ìyá òun máa gbé inú yàrá náà. Ìbéèrè tó wúwo ni, nítorí wọ́n ti ń sọ kiri pé ẹni tó bá fi àjèjì pamọ́ yóò rí ìjà ọlọ́pàá.

Àwọn Yorùbá yòókù ń ta bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ta ìkòkò. Bàbá mi ń pọn ọtí. Àgbàdo tó ti hù wà nílẹ̀, ó bá sè é. Ó pọn ọ́n bí onílé ṣe fẹ́ ẹ, kò sẹ́ ẹ mọ́ jù, ó sì ka ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kùtùkùtù ọjọ́ kẹrin ni lọ́rì tiwa máa gbéra.

Èmi ni mo ru ìkòkò tẹ̀lé e débi igi náà lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta. Onílé àti awakọ̀ ló wà níbẹ̀. Bàbá mi bu igbá kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí onílé. Onílé ti nawọ́ kí awakọ̀ tó sọ̀rọ̀.

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ mu ná."

Onílé fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Kò wo bàbá mi, ilẹ̀ ló ń wò. Mo retí pé yóò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, kò bá a wí.

"Kò burú," ni bàbá mi wí, ó sì gbé igbá náà sẹ́nu.

"Kì í ṣe ìwọ," ni awakọ̀ wí. "Ẹni tí wọ́n lé nílé lè gba ikú mọ́ra. Ọmọ rẹ ni kó mu ún."

Bàbá mi mú igbá kúrò lẹ́nu. Mo gba igbá náà kó tó di pé ó sọ nǹkan. Mo mu ún, kì í ṣe bí mo ṣe máa ń tọ́ ọ wò, mo mu ún dé ìdajì. Ó dùn. Kò tíì kan. Ọ̀yẹ́ ti ń mú lóru láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, bàbá mi sì ka ọjọ́ láìrántí pé òtútù kì í jẹ́ kí ọtí tètè kan. Tí onílé bá mu ún báyìí, omi ṣúgà ló máa pè é, kò sì ní mu ún tán.

Ẹnu kò rọrùn fún mi láti là, àmọ́ ọwọ́ mi wà lára igbá, mi ò lè gbé ìka sókè.

"Ataa, kò tíì tó," ni mo wí ní èdè Gà. "Ọ̀yẹ́ ló fà á. Ó di ọ̀la."

Onílé gbójú sókè wò mí fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó yíjú sí awakọ̀. "Ẹni tó fẹ́ pa mí lónìí kò ní ní kí n dúró dọ̀la," ló wí. Ó ní kí n gbé ìkòkò padà, kí n fi àpò dì í kó lè móoru.

Nígbà tí a dé yàrá, bàbá mi jókòó lé àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tó o ṣe?"

"Mo mọ̀, bàbá."

"Lọ́rì ò ní dúró dè mí."

"Mo mọ̀."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó jáde lọ sí gáréèjì, ó lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọtí tó ń pa mí kò jẹ́ kí n dìde, mo sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, onílé nìkan ló wà lábẹ́ igi. Ọtí náà ti kan, ó ti ń ta lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ún, ó mu ún tán dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kò ní kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò. Ìgbà náà ni bàbá mi sọ ohun tó wá bẹ̀.

"Yàrá wà," ni onílé wí. "Ta ló máa wẹ̀ ẹ́? Ìyàwó mi ti kú, èmi ò sì lè máa tú aṣọ ìyá rẹ."

Onílé gbé igbá kalẹ̀, ó nawọ́ sí mi.

"Fi ọmọ yìí sílẹ̀. Tí ọlọ́pàá bá dé, ọmọ ọmọ mi ni. Ó gbọ́ Gà ju àwọn ọmọ mi lọ, tó bá wù ú láti la ẹnu."

"Màmá rẹ̀ ń retí rẹ̀," ni bàbá mi wí.

"Mo mọ̀. Ìyá tìrẹ náà rèé."

Bàbá mi yíjú sí mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo rí i pé kò lè bi mí, nítorí ìdáhùn èyíkéyìí tí mo bá fún un, ẹnì kan ló máa pàdánù níbẹ̀.

"Màá dúró," ni mo wí.

Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó rí àyè nínú lọ́rì mìíràn. Ó wọ yàrá lọ́wọ́ àárọ̀, ó dúró sẹ́bàá ẹní ìyá rẹ̀, ó tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe, kò sì lè sọ fún un pé òun ń lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti sọ fún mi pé, "Ìwọ bá mi sọ fún un." Ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ léjìká, ó lọ.

Mo pọn omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ìyá àgbà. Mo wẹ ojú rẹ̀, mo wẹ apá tó rọ.

"Bàbá rẹ dà?"

"Wọ́n ti lọ, ìyá. Wọ́n bá lọ́rì lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni."

Ó pa ojú dé. Omi ń kán sílẹ̀ lára aṣọ ìnura tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ó fi ìwọ sílẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ pé màá dúró."

Ó ní kí n rọra yí òun sí apá kejì, pé ẹ̀yìn òun kò tíì kan omi.