Ọjọ́ Tí A Ò Kí Bàbá Ìbejì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa, mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láyé ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kékeré kan ní Àgídìngbì ni mo wà nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa ṣílẹ̀kùn wọlé, gbogbo wa rí wọn, kò sì sẹ́nì kankan tó kí wọn. Ọmọ Yorùbá ni wá o! Ilé ire la ti wá!

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí ọ̀gá wa jẹ́.

Bàbá Ìbejì là ń pè wọ́n. Àwọn ni olóòtú, àwọn ló dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀, àwọn náà ló sì ń fi èjìká ru bébà rẹ̀ látìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ń pè ní SAP ti sọ mọ́tò wọn di ilé adìyẹ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Tó o bá ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n á ní kó o tún un ṣe. Tó o bá pẹ́ dé, wọ́n á bi ọ́ bóyá ara rẹ ò yá ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọlé, kó o má kí wọn? Họ́wù! Wọn ò ní pariwo. Wọ́n á kàn yí padà, wọ́n á jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á kàn án, wọ́n á tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì, kó o lè rí ààyè ṣàtúnṣe. Wọ́n ṣe é fún èmi náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀. Ojú tì mí débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kúnlẹ̀ kí wọn lọ́jọ́ yẹn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi bírò ẹlẹ́nu tín-ín-rín fi àmì sórí ọ̀rọ̀, torí tàìpúráítà wa ò ní àmì kankan lára. Tí mo bá ti fàmì sí i tán, Sùnmọ́nù tó ń tẹ̀ ẹ́ á fi réésà gé e, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ojú ìwé kan ti dé nìyẹn. Èmi náà ni mò ń gbọ́ rédíò láti mọ ohun tó ń lọ lókè òkun, tí mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá. Ìròyìn òkè òkun rọrùn ju tilé lọ, àbí? Ta ló máa wá mú ọ nítorí ìjọba ibòmíì? Ohun tí mo rò nígbà náà nìyẹn.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé akọ̀ròyìn obìnrin kan wá láti Fílípíìnì, nílẹ̀ Éṣíà lọ́hùn-ún. Lúùsì lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ rí bí àwa tó ń fi èdè wa kọ ìròyìn ṣe ń ṣe é lábẹ́ àwọn ológun. Wọ́n ní èmi ni kí n máa mú un kiri, nítorí náà ilé wa ní Ìfàkò ló ń sùn. Ó fi ọdún mélòó kan jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó kọ̀ kí n máa pe òun ní àǹtí. Ìrẹsì láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́! Màmá mi bi mí ní kọ̀rọ̀ bóyá iṣu kì í hù lọ́dọ̀ wọn ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Lúùsì. Gbogbo ibi tá a bá dé ni wọ́n ti ń pè é ní Mádàámù. Ẹ mọ agbègbè wa: láti Ìkẹjà títí dé ọ̀nà Agége, àwọn ará Éṣíà ló ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike, ṣálúbàtà àti abọ́. Ẹni tó bá ti rí ojú rẹ̀ ti gbà pé ìyàwó ọ̀gá fáktírì kan ni. Ó sọ fún mi pé ńṣe ni wọ́n rò pé òun wá jágbe mọ́ èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan tá à ń jẹun ọ̀sán, ó sọ ìtàn ilé wọn fún wa. Ó ní àwọn náà ti gbé lábẹ́ ìjọba tó ń ti ilé iṣẹ́ ìròyìn pa. Nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n bá fòfin de ìròyìn kan, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ á lọ ṣe fotokópì rẹ̀, á fún ẹni méjì, ẹni méjì á fún ẹni mẹ́rin, títí á fi dé ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà. Nígbà tó yá, èrò tú síta, olórí wọn sá lọ, ìwé ìròyìn wá ń hù bí olú. Bàbá Ìbejì béèrè pé ṣé gbogbo nǹkan ti wá dára báyìí. Lúùsì mi orí. Ó ní wọ́n ṣì ń yìnbọn pa akọ̀ròyìn láwọn ìlú kéékèèké. Ó ní òmìnira ti wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń gbé ní bọ́ìs-kọ́tà.

Bàbá Ìbejì gbá tábìlì. Wọ́n ní ojú ìwé kìíní lèyí ń lọ! Wọ́n ní kí Lúùsì kọ ọ́, kí èmi yí i sí Yorùbá. Wọ́n tún ní ká polówó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, pé kí àwọn èèyàn máa retí bí àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ Éṣíà kan ṣe gba ẹnu wọn padà. A sì polówó rẹ̀, gàdàgbà gadagba.

Ẹ gbà mí o! Ẹni tó fẹ́ gbé ẹja kọjá lójú ológbò, ṣé ó yẹ kó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ológbò?

Ọjọ́bọ̀ la máa ń parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, gbogbo ojú ìwé ti wà lórí páálí, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Bàbá Ìbejì ti lọ wá bébà ní Agége. Òórùn kòkó ń fẹ́ wọlé láti fáktírì tó wà lẹ́yìn wa, Lúùsì ń bu ìrẹsì rẹ̀ sí abọ́, èmi ń kọrin lábẹ́nu. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn àjèjì nísàlẹ̀.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọkùnrin méjì ni, súùtù sáfárì lọ́rùn, bàtà dúdú tó ń dán lẹ́sẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́! Wọ́n ń bi Bàbá Àjàó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì wa, pé níbo ni Ọ̀gbẹ́ni Mùfútáù Akínkúnmi wà. Bàbá Àjàó ní òun ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Wọ́n ní ṣé ó lè búra. Ó ní, "Wàláì!" Ẹ má rò pé irọ́ ló ń pa o. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tó ti ń ṣí géètì fún Bàbá Ìbejì, ta ló máa wá bi bàbá ìbejì léèrè orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n?

Wọ́n gòkè wá, wọ́n bi Sùnmọ́nù. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní bóyá ilé kejì ni wọ́n ń wá. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló mọ̀ pé orúkọ Bàbá Ìbejì nìyẹn, torí èmi ni mo bá Bàbá Ìbejì kọ fọ́ọ̀mù tá a fi forúkọ ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n kọjú sí mi. Ẹnu mi tí kì í dúró, ó já mi kulẹ̀. Mo ní wọ́n ti lọ sìnkú ní Ìlọrin! Sùnmọ́nù yanu, ó ń wò mí, ó ní ta ló lọ sí Ìlọrin? Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìgbà yẹn ló tó yé e, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Àwọn àlejò wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró dè é. Àṣẹ tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n mú olóòtú lọ, pẹ̀lú ìtàn Éṣíà tó ń pariwo kiri yẹn. Wọn ò mọ ojú rẹ̀, wọn ò sì ní fọ́tò. Èyí tó ga nínú wọn, Yorùbá ni òun náà, ló fọkàn balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹni tí gbogbo wa bá dìde kí, ọ̀gá wa nìyẹn. Ó wá fà ṣíà, ó jókòó, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Ìkíni tí wọ́n fi kọ́ mi nílé, òun ló fẹ́ fi ọ̀gá mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́!

Kí àwọn méjèèjì tó wọlé, Lúùsì ti tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ bo àwọn páálí náà, ó ti gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ lé e, ó sì ń jẹun. Nígbà tí èyí tó kúrú rí i, òun náà gbà pé ìyàwó ọ̀gá fáktírì ni, ó dìde fìrì, ó kí i ní "Good afternoon, Madam." Lúùsì kàn mi orí, ó ń jẹun rẹ̀ lọ.

Ó tó bíi wákàtí kan tí a fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Bàbá Ìbejì wọlé nínú dàńṣíkí wọn tó ti ṣá, bébà lórí èjìká, eruku Agége lẹ́sẹ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n ń retí.

Mo tẹjú mọ́ bírò ọwọ́ mi. Sùnmọ́nù ń to réésà. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ọkùnrin náà, wọ́n wo àwa. Orúnkún mi ń fò fúnra rẹ̀! Ẹ wá wo ìyà. Mo fi eyín di ètè mi mú, mi ò dìde.

Bàbá Ìbejì wúkọ́. Wọ́n bá yí padà, wọ́n jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo ní Olúwa ṣeun, kí wọ́n ṣáà máa lọ! Ṣé wọ́n lọ? Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ kó, kó, kó. Wọ́n kanlẹ̀kùn, wọ́n tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dúró sójú kan náà gan-an. Èyí tó ga yẹn gbórí sókè, ó béèrè pé ta nìyí. Bàbá Ìbejì ya ẹnu láti sọ irú ẹni tí àwọn jẹ́ fún gbogbo ayé.

Lúùsì ló fò dìde. Ṣíà rẹ̀ ṣubú gbàà! Ó jágbe mọ́ Bàbá Ìbejì lédè Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní ṣé àsìkò yìí ló yẹ kó dé, ó ní láti àárọ̀ ni òun ti ń retí bébà, ó ní ọ̀lẹ ni, òun á gba ẹlòmíì síṣẹ́. Ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ yẹn wé àwọn páálí náà, ó tì wọ́n mọ́ Bàbá Ìbejì láyà, ó ní kó máa gbé iṣẹ́ lọ síbi ẹ̀rọ kíákíá, kó má sì dúró lọ́nà.

Bàbá Ìbejì o! Ọkùnrin tó ń kọ́ gbogbo wa níwà! Iṣan ọrùn wọn dìde. Ojú wọn wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ sórí bàtà dúdú tó ń dán yẹn. Wọ́n wò ó, ó yé wọn. Wọ́n rọra sọ bébà èjìká wọn kalẹ̀, wọ́n tẹrí ba fún ọmọ tí wọ́n lè bí, wọ́n ní, "Sọ́rì, má." Wọ́n kó páálí, wọ́n jáde.

Èyí tó kúrú bú sẹ́rìn-ín. "Madam, na so dem dey do," ló wí. "No mind am."

Àwọn méjèèjì jókòó títí di aago mẹ́rin, wọ́n kọ ìwé ìpè sílẹ̀, wọ́n lọ. Nígbà yẹn, Bàbá Ìbejì ti wà nídìí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ wọn kan ní Agége, ojú ìwé kìíní ti ń jáde. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìtàn Lúùsì ti wà lọ́wọ́ gbogbo fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fotokópì rẹ̀. Mo rí ọ̀kan tó ti ṣá débi pé àmì tí mo fi sí i ò hàn mọ́, wọ́n ṣì ń kà á!

Ṣùgbọ́n lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Lúùsì ò lè sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bi mí ohun tí èèyàn ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá tó bá ti bú àgbà lójú èrò. Mo ní ó ń kúnlẹ̀. Èmi, òun àti Sùnmọ́nù gba ilé àbúrò Bàbá Ìbejì lọ, níbi tí wọ́n sá sí, omi ń bọ́ lójú Lúùsì ní gbogbo ọ̀nà.

Bí a ṣe wọlé, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba ọwọ́ Bàbá Ìbejì, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ náà lé iwájú orí ara rẹ̀. Ó ní báyìí ni ọmọ ṣe ń kí àgbà nílé àwọn. Ó ní òun ò hu irú ìwà àná yẹn sí ẹnì kankan rí láyé òun.

Bàbá Ìbejì ò fa ọwọ́ wọn kúrò. Wọ́n wá ní àwọn ti gba èébú lọ́wọ́ ọ̀gá, lọ́wọ́ ṣọ́jà, lọ́wọ́ àna pàápàá, ṣùgbọ́n èyí ni àkọ́kọ́ tó dùn mọ́ àwọn nínú! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu ojú.

Wọn ò padà sí ọ́fíìsì fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí lọ́yà kan fi bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìkìlọ̀ ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún wọn, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ìkíni ni ọ̀wọ̀. Mi ò jiyàn. Màá kúnlẹ̀ fún àgbà títí màá fi kú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí mo fi bá Bàbá Ìbejì ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí a bọ̀wọ̀ fún wọn jù lọ ni ọjọ́ tí a jókòó, tí a tẹjú mọ́ ilẹ̀, tí a ò kí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹlòmíì rí ẹnu sọ̀rọ̀ lọ́la, ó lè di dandan kó pa tirẹ̀ mọ́ lónìí.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti gbẹ́nu dákẹ́ fún rí, kí ohùn tirẹ̀ má bàa pa rẹ́? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Tí onítọ̀hún bá sì ṣì wà láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kí i.