Ọ́ìlì Bíréèkì tí Zakariyah Kò Rà Mọ́

Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Bàbá Ọlọ́ìlì kò pàtẹ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ní Ìyànà Ìbà, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló ń pàtẹ sí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Dáúdà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà, ọ́ìlì bíréèkì àti omi rédíétọ̀ ló ń tà. Kì í tà fún ọ lásán. Yóò ní kí o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò fa gééjì yọ, yóò fi àkísà nù ún, yóò tún tì í bọ̀ ọ́ kó tó gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Bó bá bá ẹ́ńjìnnì gbígbẹ, yóò bú awakọ̀ náà bí ẹni tó febi pa ọmọ.

Zakariyah ń fi ọkọ̀ pupa kékeré kan kérò lọ sí Àgbárá láràárọ̀. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọ́ìlì bíréèkì, ike kan lọ́sẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di ojoojúmọ́.

Bàbá sọ fún un pé, “Ọ́ìlì bíréèkì kì í ṣe fúẹ̀lì tí mọ́tò ń mu. Bó bá ń lọ sílẹ̀ báyìí, ó ń jò níbì kan. Gbé e lọ bá mẹkáníìkì.”

“No wahala, Bàbá. Sunday ni mo máa gbé e lọ.”

Sunday mẹ́ta kọjá. Ẹ̀rù ọkọ̀ yẹn wá ń bà mí débi pé bó bá ti ń bọ̀, màá sún bẹ́ǹṣì mi sẹ́yìn. Níkẹyìn, Bàbá fàáké kọ́rí, ó ní òun kò ní ta ọ́ìlì fún un mọ́ títí yóò fi tún bíréèkì ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Zakariyah kò béèrè ọ́ìlì mọ́.

“O ti tún un ṣe?” ni Bàbá bi í.

“A dúpẹ́, Bàbá. Ó ń mú dáadáa.”

Inú Bàbá dùn. Rodiyat ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Àgbárá, ó sì ní kó máa bá Zakariyah lọ, nítorí ọkọ̀ tí ojú òun tó nìyẹn. Èmi sì ń rí i pé Zakariyah ṣì ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, àmọ́ òdìkejì títì ló ti ń ṣí i báyìí, á kẹ̀yìn sí wa. Mo rí i, n kò sọ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, Rodiyat jókòó níwájú, ó juwọ́ sí wa, wọ́n lọ. Zakariyah gbàgbé ike kan sórí kọ̀tà lódìkejì títì. Bàbá rí i pé ó jọ ọjà òun, ó sọdá lọ gbé e. Ọ̀kan lára ike tó ti tà fún Zakariyah ni lóòótọ́, orúkọ Bàbá tó fi máákà kọ ṣì wà nídìí rẹ̀. Ó mì ín, ó dà á sátẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ kejì ra á. Ó hó. Omi ọṣẹ ni.

Àwọn awakọ̀ kan máa ń rọ omi ọṣẹ dípò ọ́ìlì bíréèkì. Bíréèkì yóò mú fúngbà díẹ̀. Tó bá ti gbóná, omi náà á hó nínú páìpù, ẹsẹ̀ awakọ̀ á kàn máa rì lọ sílẹ̀ lórí bíréèkì ni, ọkọ̀ kò ní dúró.

Bàbá mú fóònù pẹ̀lú ọwọ́ ọṣẹ yẹn, ó pe Rodiyat. Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn tó, ohùn fóònù rẹ̀ máa ń jáde síta ni, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Bàbá, ṣé kò sí wàhálà?”

“Rodiyat, sọ fún Zakariyah kó dúró. Kó dúró níbi tó wà yẹn.”

A gbọ́ tó sọ fún un. Lẹ́yìn náà a gbọ́ hóònù, ó ń dún, kò dáwọ́ dúró.

“Ó fẹ́ dúró, Bàbá,” ni Rodiyat wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Ó ti ń tẹ bíréèkì tipẹ́.”