Bàbá Rọra àti Oró Ìgbín Òkun

Ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Rọra ní kí ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí oògùn bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbín, gbogbo òṣìṣẹ́ gbà pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàtà náà ń dún fín-ín fín-ín, àwọn ìgbín òkun inú àpótí gíláàsì sì ti kó wọnú ìkarahun. Ọ̀gá béèrè bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ yín dáadáa, sà. Àwọn ìgbín ni ò mọ̀ yín."

Ọ̀gá gbé bàtà dání, ó wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó ti ya ní gìgísẹ̀.

Iṣẹ́ Bàbá Rọra ni láti máa gba oró lẹ́nu ìgbín. Oró náà lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá oògùn ìrora. Yóò ta rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ìgò, yóò fi ìrù ẹja pa á lára, yóò sì gbé e síwájú ìgbín títí ìgbín yóò fi ta á, tí oró yóò sì kán sínú ìgò. Ẹni tó bá húkọ́ níbẹ̀, "rọra" ni yóò gbọ́. Ó sọ ọ́ fún olùgbálẹ̀, ó sọ ọ́ fún àlejò, wọ́n ní ó sọ ọ́ fún ààrá lọ́jọ́ kan. Orúkọ tó bá a dé sàréè nìyẹn.

Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò mọ ohun tó ń kán an lójú. Àrùn inú egungun ń da ìyàwó rẹ̀ láàmú nílé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ dókítà tó ń ṣe ìwádìí náà pé ìgbà wo ni oògùn yóò jáde. Ọjọ́ tí dókítà fi ìdùnnú sọ pé oògùn ti pa ìrora lára eku, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Eku ti ń sùn fọnfọn. Ìyá àwọn ọmọ mi ò tíì rí oorun sùn."

Ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kán kan péré. Wọ́n ní òfin ò gbà á, wọn ò tíì dán an wò lára ènìyàn. Òótọ́ ni òfin sọ, àmọ́ òfin ò ní egungun tí yóò máa ro ó.

Obìnrin náà jẹ̀rora títí ó fi kú. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n bá Bàbá Rọra nídìí àpótí gíláàsì, ẹ̀rù sì bà wọ́n pé ó fẹ́ fọ́ gbogbo rẹ̀. Rọ́bà ló ń ta bo ẹnu ìgò. Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sinmi, pé kí ló tún ń wá níbẹ̀.

"Ìyàwó ẹlòmíì ò tíì kú," ló dá a lóhùn.

Dókítà jókòó tì í, ó bá a di ìgò mú.

Ọdún mẹ́fà ló tún fi ṣe iṣẹ́ náà kí òun náà tó lọ. Oògùn ò tíì jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn Bàbá Rọra ju bí wọ́n ṣe jẹ́ kó mọ̀ lọ.