Orúkọ Tí Mo Fi Gbẹ́ Gọ́tà Ọjà Wa

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn bí èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní pámárì fáìfù ṣe di ẹni tó ń sọ olóṣèlú lórúkọ. Kì í ṣe pé mo wá iṣẹ́ náà lọ o. Iṣẹ́ ló wá mi wá sí ìsọ̀.

Ike ni mò ń tà ní Ẹdẹ níbí: abọ́, báfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́tù àlùwàlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ta ọjà tí ò lórúkọ. Báfù ńlá tí ẹ fi ń wẹ ọmọ, tí ẹ tún fi ń ru iṣu bọ̀ láti oko, ta ló sọ ọ́ ní Wẹmọ-rẹrù? Èmi ni. Abọ́ ọlọ́mọrí tí àlejò ò lè rí ẹran inú ẹ̀ ńkọ́? Bo-àṣírí-ẹran ni.

Bí mo ṣe ń dán orúkọ wò rèé. Sìdí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kan tó máa ń kiri ọjà mi, á gbé ẹrù rù, á máa rìn, á máa ké orúkọ náà. Tó bá ní láti mí láàárín ẹ̀, orúkọ ti gùn jù. A sọ ọ́ nù nìyẹn.

Wàhálà kan ṣoṣo tí mo ní ni gọ́tà. Kò sí gọ́tà níwájú ìsọ̀ wa. Tí òjò bá rọ̀, omi á wọlé láìkanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, báfù mi mẹ́fà tẹ̀lé omi lọ sójú títì, àwọn ọlọ́kadà ń yà fún wọn bí ẹni ń yà fún màlúù. Mo rẹ́rìn-ín lójú ọjà, àmọ́ nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi, bàbá Mùíbá, pé tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá tún ṣe mí báyìí, mo máa kó kúrò níbẹ̀. Ìsọ̀ tí ìyá mi tajà kú sí! Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìyẹn?

Àsìkò yẹn ni Làmídì, káfíntà tó kan pẹpẹ ìsọ̀ mi, jáde pé òun fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Èèyàn dáadáa ni, bí àbúrò ni mo ṣe mú un. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé máíìkì fún un, ńṣe ló máa ń wò ó bíi pákó tí kò mọ ibi tó máa ti gé e.

Tíṣà Gbádé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ló ń bá a ṣe ètò ìpolongo. Tíṣà tẹ póstà. Lábẹ́ àwòrán Làmídì, ó kọ ọ́ gàdàgbà: OLÙṢÀMÚGBÒÒRÒ-ÌGBÉAYÉ-TẸRÚTỌMỌ. Mo kà á, mo sinmi, mo tún kà á. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọ̀rọ̀ ta sí wọn létí pé mò ń fi póstà wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ni àwọn méjèèjì bá wá bá mi ní ìsọ̀. Tíṣà ṣàlàyé pé oṣù kan gbáko lòun fi ro ọ̀rọ̀ náà pọ̀, pé ìjìnlẹ̀ Yorùbá ni. Mo ní mo gbọ́, ó jìn lóòótọ́, ó jìn débi pé ẹni tó bá kó sínú ẹ̀ ò ní rí ọ̀nà jáde wá dìbò.

Mo pe Sìdí. Mo gbé báfù mẹ́wàá lé e lórí, mo ní kó máa lọ, kó máa ké orúkọ Tíṣà. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ oníṣu tó ti mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yíjú padà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ṣé orúkọ èèyàn ni àbí orúkọ oògùn ibà? Làmídì fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di pẹpẹ mú.

Ó wá bi mí pé kí ni kí àwọn wá máa lò. Mo na ọwọ́ sí ẹrẹ̀ iwájú ìsọ̀. Mo ní, "Agbẹ́gọ́tà."

Tíṣà ní kò níyì, pé ta ló ń fi gọ́tà júwe ara ẹ̀? Mo ní ta ló máa dá ìgbéayé tẹrútọmọ mọ̀ tó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀? Ṣùgbọ́n gọ́tà, ojú ló ń rí i. Ó wà ńbẹ̀ àbí kò sí ńbẹ̀.

Làmídì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Màmá Mùíbá, tí mo bá jẹ́ orúkọ yìí, tí mi ò wá gbẹ́ ẹ, ibo ni mo fẹ́ gbà kọjá ní Ẹdẹ yìí?"

Mo ní, "Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."

Ó jẹ́ ẹ. Ẹ ò rí i bó ṣe ràn! Àwọn alákiri ń ké e mọ́ ọjà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fi kí ara wọn. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àwọn tó ń bọ̀ láti Sekona fi ń bi wá pé ta ló ń jẹ́ Agbẹ́gọ́tà.

Ṣé ẹ rò pé ẹgbẹ́ kejì á káwọ́ gbera? Àwọn náà ro tiwọn pọ̀: Agbẹ́lẹ̀-fi-sílẹ̀. Áà, ó dùn wá o! Ẹnì kan ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ lọ́nà yẹn rí, tó pa á tì títí ewúrẹ́ fi kó sí i. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mirí. Tíṣà fẹ́ kọ ìwé èsì olójú-ewé mẹ́rin. Làmídì ní kó má yọra ẹ̀ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ ọjà, ó dé pẹ̀lú ọmọlanke tó kún fún pákó. Ó ti kan afárá kékeré tí a ó máa gbà gorí gọ́tà wọlé, ti ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó tò wọ́n sára ògiri. Gọ́tà ò tíì sí, afárá ẹ̀ ti dé! Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, àmọ́ látọjọ́ náà kò sẹ́ni tó tún lè pè é ní Agbẹ́lẹ̀-fi-sílẹ̀. Nígbà tí a dìbò, ó wọlé.

Ó wọlé tán, ilẹ̀ ò yanu. Ní mọ́sálááṣí, níbi ìkómọ, a ń pè é ní Agbẹ́gọ́tà, ó ń juwọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà kọjá. Ó ní wọn ò tíì fọwọ́ sí i ní káńsù. Òjò sì ti ń ṣú.

Mo bá pe gbogbo ará ọjà jọ. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó yọjú, ńṣe ni a kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Làmídì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, Ọ̀gbẹ́ni Làmídì. Ẹ̀gbẹ́ òsì, Ọ̀gbẹ́ni Làmídì. Ojú ẹ̀ rọ bí ewé tí oòrùn pa.

Lọ́jọ́ kẹta, ó wá jókòó sórí báfù tí mo dojú ẹ̀ délẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ti gba orúkọ mi."

Mo ní, "Mi ò gbà á. Ó wà nínú ilẹ̀ níwájú ẹ yẹn, ìwọ lo ò tíì wú u."

Àwọn tó rí i ní káńsù ní ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ibẹ̀ ló ń sùn, ló ń jí, títí wọ́n fi fọwọ́ sí i. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn oníṣọ́bìrì dé, òun ló kọ́kọ́ bu ilẹ̀. Gbogbo afárá ló bá gọ́tà mu àyàfi tèmi, torí mo ti kó ọjà síta jù lọ́jọ́ tó wá wọ̀n ọ́n. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, mo jẹ̀bi.

Nígbà tí òjò rọ̀, a kò kó nǹkan kan. A dúró sẹ́nu ọ̀nà, à ń wo omi bó ṣe ń bá tiẹ̀ lọ, bí àwọn ìyàwó ṣe ń wo ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Èmi ṣì wà ní ìsọ̀ ìyá mi.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí olóṣèlú bá kó orúkọ gbàgàdà wá, ẹ má bá a jó. Ẹ fún un ní èyí tí ojú lè rí. Tó bá ṣe é, ẹ máa pè é títí ọrùn ẹ̀ á fi le. Tí kò bá ṣe é, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń kí àlejò.

Ní àdúgbò tiyín ńkọ́? Kí ni aṣojú yín ń jẹ́, ṣé ó ti ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí n bá yín ro orúkọ, mo wà ńlẹ̀. Ẹ má ṣáà gbé "ìgbéayé" wá bá mi o. Ẹ sọ ibi tó ń jò.