Ẹnu Lemuel Pruitt

Lọ́jọ́ tí Lemuel Pruitt gbé Hortense níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Edendale, àlùfáà bi ìyàwó bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí. Hortense ní òun gbà. Àwọn obìnrin ti ń nu ojú, ẹni tó ń tẹ dùùrù ti gbé ọwọ́ lé e, ni ọkọ ìyàwó bá na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná! Àlùfáà, ẹ dákun, ẹ yí díẹ̀ sápá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sí yín lójú. Hortense, olólùfẹ́ mi, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ti yá jù. Rò ó díẹ̀. Wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹṣin tó fẹ́ rà, kó o tó wá sọ pé o gbà. Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe!"

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni àlùfáà, ó tún un bi. Hortense wo Lemuel láti orí dé ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kó ṣe. Ó wo irun rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó rò ó dáadáa.

"Rárá," ló wí. "Ní báyìí tí mo rò ó, mi ò gbà mọ́."

Ni ṣọ́ọ̀ṣì bá dàrú. Àlùfáà ní ti àkọ́kọ́ ti wọ ìwé ọ̀run, kò ṣeé pa rẹ́. Ìyá Hortense ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ kẹ́yìn ni òótọ́. Gus Wendell, òṣèré fíìmù wa tó sanra bí àgbá, ní kí wọ́n jẹ́ ká jẹ kéèkì ná, ká tó wá dájọ́. A jẹ kéèkì, a gbàgbé ìdájọ́. Hortense bá Lemuel gbé títí ó fi di arúgbó, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí inú bá bí i, á ní àlejò lásán lòun nínú ilé náà.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Olóògbé Lemuel ò gbọ́ ìyẹn rí, nítorí ẹnu ló ń bọ́ ọ. Gbàǹjo màlúù ló ń tà ní Ohio kó tó wá di olùdarí fíìmù àwàdà lọ́dọ̀ wa ní California. Fíìmù ò sì tíì ní ohùn nígbà náà. Èmi ni mò ń yí kámẹ́rà fún un, mo sì lè búra pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, Lemuel kì í mí títí màá fi dúró. Yóò gbé ìwo páànù rẹ̀ sẹ́nu, yóò ní: "Gus, wọlé! Rọra! O ò tíì rí ajá náà. O ò tíì rí i, mo ní! Ó yá, rí i báyìí! Ẹ̀rù ń bà ọ́. Ó ti pọ̀ jù, ajá lásán ni, kì í ṣe bàbá ìyàwó rẹ!"

Gus ò ní ọpọlọ tirẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ti Lemuel ló ń lò. Bí ẹ bá rò pé mò ń bù mọ́ ọn, ẹ bi àwọn ará Venice, tó wà létí òkun. Lọ́jọ́ tí a ń ya fíìmù lórí afárá onígi tó wọ inú òkun lọ níbẹ̀, Gus gbé àwo ẹyin lọ́wọ́, Lemuel kígbe pé, "Máa lọ, Gus!" Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán ni ikọ́ gbé e, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Gus ń lọ. Ó dé ìdajì afárá, ó ń lọ. Ó dé òpin rẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tí àwọn apẹja fà á jáde, ewé òkun dì mọ́ ọn létí.

"Gus, ṣé o ò rí omi ni?" ni Lemuel béèrè.

"Mo rí i, Ọ̀gá. Ẹ ò ní kí n dúró ni."

Fíìmù yẹn pa gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Fitch, tó ni ilé-iṣẹ́ wa, ti ń ta ìbọ̀wọ́ tẹ́lẹ̀ ni, kò mọ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń tà. Ó pàṣẹ pé Gus gbọ́dọ̀ máa já sómi nínú gbogbo fíìmù, títí kan èyí tí a yà láàárín aṣálẹ̀.

Ọ̀ràn àwọn ọmọbìnrin Cobb ló tẹ̀ lé e. Nínú fíìmù kan, Gus kúnlẹ̀ níwájú arẹwà wa, Opal Reese, ó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Lemuel ti sọ fún wọn pé, "Ẹ ṣáà máa mi ètè. Ẹ sọ ohun tó bá wù yín. Ta ló fẹ́ gbọ́?" Gus, tí orúnkún ń dùn, di ọwọ́ Opal mú, ó fi ojú ìfẹ́ wò ó, ó ní, "Àlùbọ́sà tó o jẹ lọ́sàn-án yìí, Ọlọ́run ló máa bi ọ́." Opal sunkún ayọ̀, ó ní, "Ìwọ tí o ò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú, ẹnu wo lo fi ń sọ̀rọ̀?" Ohun tí wọ́n kọ sójú fíìmù fún èrò láti kà ni pé: Ikú nìkan ló lè yà wá.

Ó pẹ́ díẹ̀, obìnrin méjì, àwọn ọmọ Cobb, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ wa. Adití làwọn méjèèjì, wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú ka ọ̀rọ̀ lórí ètè. Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt. Ọkùnrin inú fíìmù yẹn, ṣé lóòótọ́ ni kì í wẹ̀?"

Lemuel fi ìwo páànù rẹ̀ bojú. Nígbà tí Fitch gbọ́, ìbẹ̀rù bò ó. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, bí òṣèré bá ń dẹnu ìfẹ́ kọ ara wọn, Sáàmù ni kí wọ́n máa kà. Gus di ọwọ́ Opal mú, ó ka Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò pẹ́ ni àwọn ọmọbìnrin Cobb tún padà dé, inú ń bí wọn.

"Ṣé ẹ ti di wòlíì ni? Ìwàásù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dá àlùbọ́sà wa padà!"

Báyìí la ṣe ń gbádùn ara wa títí ohùn fi dé sínú fíìmù. Ohùn ba ayé wa jẹ́. Fitch gbá a mú bí ẹni tó rí ẹ̀sìn tuntun. Wọ́n fi kúbùsù bo gbogbo ògiri kí ariwo má bàa wọlé, wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pamọ́ sínú ìkòkò òdòdó, débi pé gbogbo òṣèré wá ń bá òdòdó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dexter síbẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn láti inú àpótí dígí. Bí Dexter bá na ìka pé òun gbọ́ ariwo, Fitch fúnra rẹ̀ a bọ́ bàtà kó má bàa dún.

Fíìmù olóhùn àkọ́kọ́ tí Lemuel darí, a jókòó láti wò ó. Ọkọ dì mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ràn rẹ." Ni ohùn kan bá bú láti òkè: "Sún mọ́ ọn, ọ̀lẹ! Ṣé ìgò mílíìkì lo dì mú ni?"

Fitch tan iná. "Lemuel," ló wí, "fíìmù kan ṣoṣo ló kù fún ọ. Bí mo bá tún gbọ́ ohùn rẹ nínú rẹ̀, wá kó ẹrù rẹ."

Lemuel bá mi jókòó lẹ́yìn ọgbà lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Màlúù Ohio ti gbàgbé mi," ló wí. "Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀?" Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mi ò purọ́.

Gbogbo wa ló dìde sí ọ̀ràn náà. Hortense ń kọ́ ọ láti jẹ oúnjẹ àárọ̀ láìsọ̀rọ̀. Kí Lemuel tó jẹ ẹyin tán, òógùn ti bò ó bí ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù gun òkè. A tì í mọ́ èmi àti kámẹ́rà nínú àpótí ńlá tí wọ́n kọ́ fún wa, níbi tí ohùn kò ti lè jáde. Inú rẹ̀ dùn, ó ń pariwo sí mi létí títí, ṣùgbọ́n Gus dúró níta bí ère, nítorí kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbẹ̀yìn, Hortense ká áńkáṣífù ńlá, ó kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Lemuel, jọ̀ọ́," ló wí. "Nítorí Ọlọ́run, dákẹ́."

Lemuel mi orí pé òun gbọ́. Ó ti pinnu, ojú rẹ̀ fi hàn.

Ọ̀rọ̀ ò le nínú ìran tí a fẹ́ yà nínú fíìmù ìkẹyìn náà. Gus ni ìránṣẹ́ nílé opó olówó kan, Opal sì ni opó. Gus yóò gbé kéèkì wọlé, yóò gbé e sórí tábìlì, yóò ní, "Oúnjẹ ti délẹ̀, Màdámù." Wọ́n pàṣẹ kí ibẹ̀ dákẹ́. Gus wọlé. Kò gbọ́ ohùn tó mọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí ọmọ tó sọnù lọ́jà, ó sì gbé kéèkì sórí àga. Jìnnìjìnnì mú un. Ó wá ibi tó máa jókòó sí, ó sì jókòó sórí àga yẹn gan-an.

Gus ronú nípa ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Oúnjẹ ti délẹ̀, Màdámù."

Áńkáṣífù fò jáde lẹ́nu Lemuel.

"Má dìde! Gus, ọmọ dáadáa, má dìde! Yíjú sí Màdámù. Rọra. Rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Áà, ó dára! Ó dára, ọmọ mi, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn!" Ẹ̀rín sì gbé e, ó ń fọwọ́ di ògiri mú kó má bàa ṣubú.

Dexter yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀. Fitch dìde.

"Lemuel."

"Mo mọ̀," ni Lemuel dáhùn. Ó mú fìlà rẹ̀, ó bọ́ síta. Gus ṣì wà lórí kéèkì nígbà tí a lọ jẹun ọ̀sán, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Wọ́n fi olùdarí míràn tún ìran náà yà, ọkùnrin tó dákẹ́ bí òkúta. Fíìmù jáde, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fitch ní àwọn èrò ló ti ya dìndìnrìn.

Lemuel àti Hortense ṣí lọ sí Glendale, wọ́n ń gbin ọsàn wẹ́wẹ́. Ó máa ń lọ sí ilé sinimá, á sì máa darí fíìmù tí wọ́n ti yà tán. Bí wọ́n bá lé e jáde, á darí ẹni tó ń lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ló jókòó sí ìloro, ó ń sọ fún akólẹ́tà pé kó sọ̀kalẹ̀ kó tún àtẹ̀gùn náà gùn bí ẹni tí lẹ́tà ń jó lọ́wọ́. Akólẹ́tà gùn ún tán, ó wo ojú Lemuel láti mọ̀ bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì rí i pé ó ti lọ. Ó di àrìnnàkò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dexter pe gbogbo wa sí yàrá kékeré tí a ti ń wo fíìmù. Irun tirẹ̀ náà ti ń funfun. Ó ní wọ́n ní kí òun ju fíìmù tó bàjẹ́ lọ́jọ́ kéèkì yẹn nù, ṣùgbọ́n òun ò jù ú nù. Hortense jókòó níwájú pẹ̀lú aṣọ dúdú. Kò tíì sunkún látàárọ̀. Wọ́n pa iná.

Gus gbé kéèkì wọlé. Gus jókòó. Ohùn Lemuel bá bú jáde láàárín wa, ohùn gbàǹjo yẹn gan-an, ó ní kí ó má dìde, ó ní kó rọra. Ẹ̀rín pa wá, a sì ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà. Opal ń kígbe pé, "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ ọ!" Gus ń ké bí ọmọdé. Fitch pàápàá fọn imú.

Hortense dìde nínú òkùnkùn, ó kọjú sí wa, ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," ló wí. "Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀."